Etí Tó Gbọ́ Àlọ: Àyẹ̀wò Rédíò Kékeré Kan Lásìkò Ìròyìn Òṣèlú Tó Ń Bani Lọ́kàn Jẹ́

Rédíò tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Dúdú ni, bátìrì méjì ló ń lò, ó ní ọ̀pá irin kan tí à ń fà yọ láti orí rẹ̀, ó sì ní bọ́tìnnì róbótó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan fún ohùn, èkejì fún wíwá ilé-iṣẹ́ rédíò. Kò ní ojú gíláàsì tó ń tàn, kò lè gba ohùn pamọ́, kò sì lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kan gbogbo wọn. Láti ìparí ọdún 2023 ni mo ti ń lò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo fi ń gbọ́ ìròyìn òṣèlú lójoojúmọ́, ti ilé àti ti òkèèrè. Mo kọ àyẹ̀wò yìí fún ẹni tí ìròyìn ti ń kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá bí ó ṣe kó o bá mi, tí kò sì fẹ́ di ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ nínú ayé.

Kí n tó rà á, fóònù ni mo fi ń ka ìròyìn. Ó máa ń gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí mi lóru, màá sì ti nawọ́ gán an kí ojú mi tó là tán. Àwọn ológun ti gba ìjọba níbì kan. Ogun ti tún gbóná níbòmíràn. Olóṣèlú kan ti sọ ohun tí kò yẹ kí àgbàlagbà sọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ti ń bá ara wọn jà nítorí ọ̀rọ̀ náà. Màá máa fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù lọ sókè, ìròyìn mìíràn á yọ láti ìsàlẹ̀, òmíràn á tún tẹ̀ lé e, títí àkùkọ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ. Oorun tí mo pàdánù kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé bí mo ṣe ń mọ̀ sí i nípa wàhálà ayé ni agbára mi láti ṣe ohunkóhun nípa rẹ̀ ń dín kù. Ìpàdé àdúgbò tí mo máa ń lọ, mo ti dẹ́kun lílọ. Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò dé, díẹ̀ ló kù kí n jókòó sílé. Ẹni tó bá ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé gbogbo nǹkan ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí ni yóò gbé e dìde?

Èmi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Reuters Institute tó wà ní Yunifásítì Oxford a máa ṣe ìwádìí lọ́dọọdún ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gba ìròyìn. Ní ọdún 2017, ìdá 29 nínú 100 àwọn tí wọ́n bi léèrè ló sọ pé àwọn máa ń sá fún ìròyìn nígbà mìíràn tàbí lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, iye náà ti gòkè dé 39. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi ń sá. Èmi náà dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mo pa gbogbo rẹ̀ tì, ara sì kọ́kọ́ tù mí. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí n kò gbọ́ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dúró, àwọn tí ogun lé kúrò nílé kò sì ní bọ́tìnnì tí wọn yóò tẹ̀ kí ó lè dákẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, mo rí i pé ìrètí tí mo fi dídi etí dáàbò bò kò lágbára rárá: ọ̀rẹ́ kan ṣèèṣì sọ gbólóhùn kan létí mi lọ́jọ́ kan, gbogbo rẹ̀ sì wó lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ìdí nìyí tí mo fi wá ohun tí yóò jẹ́ kí n máa gbọ́ láìjẹ́ pé mo ń rì. Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé rédíò náà ka orí tábìlì, mo fa ọ̀pá rẹ̀ gùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ́tìnnì náà díẹ̀díẹ̀. Atọ́ka pupa kan, tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ń rìn lọ lẹ́yìn ike tó mọ́ gaara. Ariwo kan bí òjò orí páànù ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ohùn kan láti ọ̀nà jíjìn, tó ń wọlé tó ń jáde. Mo tún yí i, ìyípadà tí kò ju fífẹ̀ irun orí lọ, ohùn obìnrin kan sì mọ́ ketekete bí ẹni pé ó jókòó sí òdìkejì tábìlì. Ó ka ìròyìn mẹ́fà. Mẹ́rin nínú wọn kò dára. Ó wá ní ibi tí òun yóò ti dánu dúró nìyẹn, orin ṣókí kan tẹ̀ lé e, mo sì pa á. Mo jókòó síbẹ̀, àtàǹpàkò mi ṣì ń yún mi, mo ń retí ohun tó kàn. Kò sí ohun tó kàn. Ìròyìn ti parí, alẹ́ ṣì kù púpọ̀ níwájú, mo sì dìde lọ ṣe ohun mìíràn.

Mo ti gbàgbé pé ìròyìn ní ìparí tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1930, nígbà tí àkókò ìròyìn alẹ́ tó ní ilé-iṣẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí akàròyìn sọ fún àwọn olùgbọ́ ni pé kò sí ìròyìn, wọ́n sì fi orin dùùrù dí àkókò tó kù. Mo máa ń ronú nípa alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ayé kò tòrò lọ́dún náà, nítorí ọrọ̀ ajé ti dojú dé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ gbà pé iṣẹ́ òun ni kí òun sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí òun sì dákẹ́ bí kò bá sí ohun tí òun fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1980 ni CNN bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tó ń sọ ìròyìn tọ̀sán-tòru. Ní ọdún 2006, Aza Raskin, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣe ọ̀nà tí ojú ewé yóò fi máa fà lọ láìní ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí méjèèjì ti pàdé nínú fóònù, kò sí ẹni tí yóò sọ fún yín mọ́ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Àwọn olùwádìí ti rí ohun tí èmi ń fi ara mi mọ̀. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú gbàù níbi eré ìje ẹlẹ́sẹ̀ ìlú Boston ní oṣù kẹrin ọdún 2013, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tó lé ní 4,600 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tó fi wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ tẹ̀ lé ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ní ìpayà ọkàn tó pọ̀ ju ti àwọn tó wà níbẹ̀ tàbí nítòsí ibẹ̀ lọ. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn àgbà sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà, òótọ́ sì ni fún ẹni tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì kọjá. Fún ẹni tó ń gbọ́ ohun kan náà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀gànjọ́, ìròyìn lè di ẹrù tó wúwo ju àfojúbà. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní ọdún 2023 yẹ àkọlé ìròyìn tó lé ní 105,000 wò, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ búburú kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú àkọlé a máa fi ìdá 2.3 nínú 100 kún ìwọ̀n bí àwọn ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kì í pẹ́ tí ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbà tí a tẹ nǹkan fi ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tó bá sì ti kọ́ ọ tán, yóò máa gbé èyí tó burú jù síwájú wa. Rédíò mi kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá mo wà nínú yàrá.

Ànfààní kejì wà nínú orúkọ tí àwọn tó ṣáájú wa fún un: asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà kan mo rò pé àbùkù ni, pé ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ tí a kò lè dá lóhùn ti di ohun àtijọ́. Ní báyìí mo mọ rírì rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ìròyìn tó bí mi nínú, kò sí àjèjì tó ń dúró dè mí lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú èébú, kò sì sí ibi tí èmi náà yóò ti bu àjèjì. Ìbínú náà ní láti wá ọ̀nà mìíràn gbà, ọ̀nà tó sì sábà máa ń gbà ni ti ẹnu mi lọ bá ẹni tí mo mọ̀, tàbí ti ọwọ́ mi lọ sínú lẹ́tà sí ẹni tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kí ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 2018 tó wáyé ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan sanwó fún àwọn ènìyàn kí wọ́n pa Facebook tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìròyìn dín kù díẹ̀, èrò òṣèlú wọn kò le koko mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, inú wọn sì dùn díẹ̀ sí i. Mo tẹnu mọ́ "díẹ̀" yẹn, nítorí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ra rédíò mọ̀ pé òun ń pàdánù nǹkan kan náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní ọ̀sán, alẹ́ ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. N kò rí ohun kankan tí wákàtí díẹ̀ yẹn bà jẹ́.

Nísinsìnyí, mo dé ibi tí rédíò yìí ti ràn mí lọ́wọ́ jù. Nítorí pé kò lè gba ọ̀rọ̀ pamọ́, mo fi ìwé àjákọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbọ́ ìròyìn, mo máa ń kọ ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀, èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo sì máa ń fi ìlà méjì sílẹ̀ lófìfo sí abẹ́ rẹ̀. Etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Ìlà méjì yẹn ni mo pa mọ́ de àbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ojú ewé kan fún yín. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2024, mo kọ ọ́ pé Ààrẹ Macky Sall ti sún ìdìbò ààrẹ orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà síwájú, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí wọ́n dìbò. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn sún un di oṣù kejìlá. Àwọn ènìyàn tú jáde sí ìgboro, ẹ̀mí sì bọ́ nínú rẹ̀. Mo rántí pé àyà mi já, nítorí mo ti ka Sẹ̀nẹ̀gà mọ́ àwọn ilẹ̀ tí ìbò ti máa ń ṣiṣẹ́, mo sì rò ó pé ibi tí ọ̀ràn wọn parí sí nìyẹn. Ká ní fóònù ni mo fi ń tẹ̀ lé e, alẹ́ ọjọ́ yẹn ì bá ti parí sí àárín àwọn tó ń búra pé ìjọba àwaarawa ti kú ní gbogbo ẹkùn náà, ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn ì bá sì ti gbé mi lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ìlà méjì wà nínú ìwé tí n kò tíì kọ nǹkan sí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kan náà, ìgbìmọ̀ tó ń túmọ̀ òfin orílẹ̀-èdè wọn fagi lé ìsúnsíwájú náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, Bassirou Diomaye Faye, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dupò, jáde kúrò lẹ́wọ̀n. Ààyè ti ń tán, mo kọ ọ́ sí etí ìwé. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 24, Faye wọlé lẹ́sẹ̀ kan náà láìsí àtúndì, wọ́n sì búra fún un ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin. Oṣù méjì ló wà láàárín ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn ní ojú ewé yẹn, láti ìgbà tí àyà mi já títí di ìgbà tí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ń búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ìṣòro wọn tán. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí mo pè ní òpin jẹ́ àárín.

N kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn ojú ewé kan wà nínú ìwé náà tí ìlà abẹ́ wọn ṣì ṣófo. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Sùdáànì ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023 wà lára wọn. Ó ti lé ènìyàn tó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ kúrò nílé wọn. N kò lè ṣe bí ẹni pé mo rí àbọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni pé n kò jẹ́ kí ó ti ọkàn mi kúrò nítorí pé ìròyìn tuntun dé, mo sì máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètọ́jú àwọn tó sá àsálà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, mo kọ nọ́ńbà méjì sí i láti inú iṣẹ́ Erica Chernoweth àti Maria Stephan, àwọn tó yẹ ìjàkadì òṣèlú láti ọdún 1900 sí 2006 wò: ìdá 53 nínú 100 àwọn ìjàkadì tí wọn kò fi ohun ìjà ṣe ló yọrí sí rere, nígbà tí ti àwọn tó fi ohun ìjà ṣe jẹ́ 26. Mo máa ń yẹ ẹ̀yìn ìwé yẹn wò ní àwọn alẹ́ tó bá ṣòro.

Rédíò náà ní àléébù, ó sì tó kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ìdérí ibi tí bátìrì ń gbé ti dẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, okùn rọ́bà ni mo fi dì í mú báyìí. Àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ike náà kéré jù fún ojú tó ti ń dàgbà. Ìgbì kúkúrú, èyí tó ń gbé ohùn òkèèrè wá, kì í sábà dára ní ọ̀sán, nítorí oòrùn máa ń da ipele òfuurufú tó wà lókè láàmú, tí yóò sì máa gbé ohùn náà mì. Alẹ́ ni ó máa ń já gaara, èyí sì fà á tí mo fi yan aago mẹ́jọ alẹ́ fún ti òkèèrè, tí mo sì ń gbọ́ ti ilé ní aago méje òwúrọ̀ lórí FM. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò ló sì ti fi ìgbì kúkúrú sílẹ̀, nítorí náà ibi tí ẹ óò máa rí gbọ́ lè máa dín kù.

Àléébù tó tóbi ju ìwọ̀nyí lọ kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Rédíò kì í ṣe ẹni mímọ́. Ilé-iṣẹ́ rédíò RTLM tó bẹ̀rẹ̀ ní Rùwáńdà ní ọdún 1993 ni wọ́n fi ru àwọn ènìyàn sókè láti pa aládùúgbò wọn ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kí ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha tó dá àwọn méjì tó wà nídìí ìdásílẹ̀ rẹ̀ lẹ́bi ní ọdún 2003. Irú ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì mi yìí ni àwọn tó gbọ́ ọ gbé sétí. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀. Èmi máa ń gbọ́ ti ìjọba, máa gbọ́ ti aládàáni, máa sì gbọ́ ti òkèèrè tí kò ní ìpín nínú òṣèlú wa, bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá sì bára mu, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni mo máa ń kọ sínú ìwé.

Àléébù kan tún wà tí rédíò àti fóònù jọ pín: ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Ní ọdún 1990, nínú 1,000 ọmọ tí a bí láyé, 93 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ní ọdún 2022, iye náà ti wá sí 37. Kò sí alẹ́ kankan láàárín ọdún méjìlélọ́gbọ̀n yẹn tí akàròyìn kan lè sọ pé òní ni ó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìjọba, àwọn nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àwọn òbí ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é. Irú nǹkan báyìí, mo ní láti máa wá a kiri fúnra mi. Mo ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù fún un, nílé ìkàwé, n kì í sì í gbé rédíò lọ.

Ta ni mo lè sọ fún pé kí ó rà á? Ẹni tí ìfitónilétí fóònù ti sọ di ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láìdúró, yóò gbádùn rẹ̀, àgàgà bí ó bá lè farada ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí ọwọ́ yóò máa wá fóònù kiri. Ẹni tó ní ẹbí ní ibi tí ogun ti ń lọ kò gbọ́dọ̀ fi í rọ́pò fóònù, nítorí wákàtí kan lè jẹ́ ohun ńlá fún un. Bí ẹ bá fẹ́ yan, ẹ mú èyí tó ní bọ́tìnnì yíyí dípò èyí tó ń fi nọ́ńbà wá ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí ọwọ́ tó ń yí i díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí a mọ̀ pé a ti yàn láti gbọ́. Ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé kò mì ní ìdí. Kí ẹ sì ra ìwé àjákọ pọ̀ mọ́ ọn, èyí tó ní ìlà tó fẹ̀.

Bí tèmi bá bàjẹ́ lọ́la, irú rẹ̀ náà ni màá tún rà. Mo ti padà sí ìpàdé àdúgbò láti ọdún tó kọjá, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún alẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń délé kí ìròyìn òkèèrè tó wọlé.